Òṣùwọ̀n Ta Ni? Àmì Fairtrade àti Àwọn Olóko Kọ́kọ́ Kuapa Kokoo ní Gánà

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, àbúrò mi kan tó ń dá oko kọ́kọ́ lápá Ìdànrè fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ojúmọ́ o. Àwọn kan wá sábúlé wa lánàá. Wọ́n ní ká kó ara wa jọ di ẹgbẹ́, àwọn á fún wa níwèé ẹ̀rí, òyìnbó á sì máa fi owó lé owó kọ́kọ́ wa nítorí àmì tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣé ká bá wọn ṣe é ni, àbí ká fi wọ́n sílẹ̀?"

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò fẹ́ fi ohun tí mo kà lára páálí ṣokoléètì dá a lóhùn, torí ẹni tó ń ta ṣokoléètì náà ló kọ ọ̀rọ̀ ara páálí. Mo bá jókòó ti ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tí àwọn tó fẹ́ràn irú àmì bẹ́ẹ̀ àtàwọn tí kò gbà á gbọ́ jọ máa ń tọ́ka sí. Kuapa Kokoo lorúkọ wọn, ìlú Kumasi ní Gánà ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó. Ohun tí mo rí nìyí.

Ibi òṣùwọ̀n ni ọ̀rọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Àmì ò tíì sí níbẹ̀ rárá.

Ẹni tó bá ti tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ ta kọ́kọ́ rí á mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ ti la èso, ẹ ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, ẹ ti sá a, ẹ ti ń fọwọ́ yí i nínú oòrùn títí ó fi ń dún ṣàkàṣàkà. Ẹ rọ ọ́ sápò, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rà á. Wọ́n gbé e kọ́ òṣùwọ̀n. Abẹ́rẹ́ fì lọ, ó fì bọ̀, kò tíì dúró tí akọ̀wé ti pariwo: "Ọ̀kànlélọ́gọ́ta!" Ẹ̀yin mọ̀ pé ohun tí ẹ wọ̀n nílé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ẹ máa bá a jà ni? Òjò ń ṣú, owó ilé-ìwé ọmọ ti tó san, ọkọ̀ tó gbé yín wá ń fun fèrè pé òun ń lọ. Ẹ ó gba ohun tó bá kà lé yín lọ́wọ́. Bàbá mi kì í bú wọn. Ó kàn máa ń sọ pé, "Ojú wọn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n."

Ní Gánà, kílò 64 ni àpò kan, àpò 16 ni wọ́n sì ń san owó rẹ̀ bíi tọ́ọ̀nù kan. (Ẹni tó bá mọ ìṣirò á ti rí i pé 64 lọ́nà 16 ju 1,000 lọ. Kílò 64 náà, tòun ti àpò fúnra rẹ̀ ni; kílò 62.5 ni wọ́n ń ka kọ́kọ́ inú rẹ̀ sí.) Tí akọ̀wé bá tún fi ọgbọ́n yọ kílò mẹ́ta lórí àpò, kílò 48 ló lọ lórí tọ́ọ̀nù kan. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpò nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di kílò 48 yìí mú, a máa nílò rẹ̀ níwájú.

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àjọ ìjọba Gánà tí wọ́n ń pè ní Cocobod nìkan ló ń ṣàkóso bí wọ́n ṣe ń ra kọ́kọ́ lábúlé. Nígbà tó di àkókò 1992 sí 1993, pẹ̀lú àtúntò ọrọ̀-ajé tí àwọn ayánilówó àgbáyé ń tì wọ́n sí, ìjọba ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Aládàáni lè wá ra kọ́kọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ni yóò ṣì máa kéde iye tí wọ́n máa san, ẹ̀ka Cocobod ni yóò sì máa tà á sókè òkun. Tiwa ní Nàìjíríà yàtọ̀. Ọdún 1986 ni wọ́n tú bọ́ọ̀dù kọ́kọ́ ká pátápátá, tí ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rà, tó sì ń tà á fún ẹni tó bá wù ú. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, mo máa padà sí i.

Àwọn àgbẹ̀ kan ní Gánà rí i pé bí aládàáni bá wọlé, òṣùwọ̀n ayédèrú á kàn pọ̀ sí i ni. Nana Frimpong Abrebrese, tó ti ṣojú àwọn àgbẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ Cocobod, ló ṣáájú wọn. Wọ́n ní, kí ló dé tí àwa fúnra wa ò lè gbàwé àṣẹ láti máa ra kọ́kọ́ ara wa? Ilé-iṣẹ́ Twin Trading láti Lọ́ńdọ̀nù àti àjọ SNV láti Netherlands ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní 1993, abúlé 22 àti àgbẹ̀ bíi 2,000 bẹ̀rẹ̀. Lédè Twi, Kuapa Kokoo túmọ̀ sí àgbẹ̀ kọ́kọ́ rere. Ọ̀rọ̀ ìwúrí wọn ni "Pa Pa Paa", èyí tó dáa ju gbogbo èyí tó dáa lọ.

Òfin wọn tó wù mí jù ni ti akọ̀wé. Abúlé kọ̀ọ̀kan ló ń dìbò yan ẹni tí yóò máa wọn kọ́kọ́, ojú gbogbo ayé ló ti ń wọ̀n ọ́n, ọmọ abúlé náà sì ni. Tó bá fojú wọ̀n ọ́n, ibi tó máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà kò jìnnà sí ibi tí ẹni tó rẹ́ jẹ ń sùn. Mi ò sọ pé akọ̀wé tí wọ́n dìbò yàn kò lè jalè o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó yàn án lè yọ ọ́. Wọ́n tún fi sínú òfin láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àwọn obìnrin gbọ́dọ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ abúlé kọ̀ọ̀kan, ohun tí kò wọ́pọ̀ níbi tó jẹ́ pé orúkọ ọkọ ló sábà máa ń wà lórí ilẹ̀. Ní 2010, Christiana Ohene-Agyare di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ gbogbo ẹgbẹ́ náà.

Ọdún 1995 ni àmì Fairtrade dé, ìyẹn àmì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọjà láti fi hàn pé wọ́n bá àgbẹ̀ ṣòwò tó tọ́. Ó yẹ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí púpọ̀ nínú àwọn tó ń rà á ní ṣọ́ọ̀bù kò mọ̀ ọ́n.

Ohun méjì ni àmì náà ṣèlérí. Èkíní ni iye kan tí owó kọ́kọ́ kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù, bó ti wù kí ọjà àgbáyé já tó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 1,600 dọ́là ni lórí tọ́ọ̀nù kan. Ní 2011 ó di 2,000, ní oṣù Kẹwàá 2019 ó di 2,400. Èkejì ni owó tí wọ́n ń fi lé e, tí mo fẹ́ máa pè ní èènì. Mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó ń tajà ló ń fún ẹni tó ń rà léènì, ó ń ti orí gààrí dé orí ẹ̀wà. Níbí, ẹni tó ń rà ló ń fún ẹni tó ń tà. Èènì yìí jẹ́ 150 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan, ó di 200, ó wá di 240. Àpò ẹgbẹ́ ló ń lọ, ìpàdé àpapọ̀ ló sì ń pinnu ohun tí wọ́n máa fi ṣe.

Èkíní yẹn dùn létí gan-an. Ní ọdún 2000, kọ́kọ́ já wá sísàlẹ̀ 1,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Ẹni tó bá gbọ́ pé àmì kan ń san 1,600 nígbà tí ayé ń san 900 á rò pé àwọn àgbẹ̀ Kuapa ń jayé. Àmọ́ ta ni wọ́n ń san 1,600 yẹn fún? Etíkun ni wọ́n ń san án, fún ẹni tó ń kó kọ́kọ́ sọ́kọ̀ ojú omi. Ní Gánà, Cocobod lẹni náà. Àgbẹ̀ Kuapa àti àgbẹ̀ tí kò gbọ́ orúkọ Fairtrade rí láyé rẹ̀, iye kan náà tí ìjọba kéde lórí rédíò ni àwọn méjèèjì ń gbà lábúlé. Ohun tí wọ́n fi ń polówó àmì náà jù lọ ni kò kan ọwọ́ àgbẹ̀ Gánà. Èènì nìkan ló ku.

Èènì náà sì ní ibi tó ti ń jò. Pé ẹgbẹ́ kan ní ìwé ẹ̀rí kò túmọ̀ sí pé gbogbo kọ́kọ́ wọn ni wọ́n máa rà lábẹ́ àmì. Ìwọ̀nba tí àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì bá béèrè fún ni wọ́n ń san èènì lé lórí. Ìyókù, kọ́kọ́ kan náà láti oko kan náà, tí wọ́n fi ìtọ́jú kan náà ṣe, á lọ bíi kọ́kọ́ lásán. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, ìwọ̀nba kékeré nínú kọ́kọ́ Kuapa ló rí ẹni rà á lábẹ́ àmì. Bẹ́ẹ̀ òfin àmì náà kan gbogbo oko, gbogbo ìwé ni wọ́n ń kọ, ẹgbẹ́ ló sì ń sanwó fún àwọn ayẹ̀wéwò.

Ẹ jẹ́ ká mú kílò 48 wa padà wá.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, iye tí ìjọba Gánà kéde ni 1,308 sídì fún àpò kan, tó jẹ́ 20,928 sídì fún tọ́ọ̀nù. Ká sọ pé ìyá àgbà kan rí àpò 16 kó lọ́dún náà. Tí òṣùwọ̀n ayédèrú bá yọ kílò mẹ́ta lórí àpò kọ̀ọ̀kan, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpò ló pàdánù, ìyẹn 981 sídì. Èènì Fairtrade lórí tọ́ọ̀nù kan lákòókò yẹn jẹ́ 240 dọ́là, nǹkan bíi 2,760 sídì. Tí wọ́n bá ra gbogbo kọ́kọ́ rẹ̀ lábẹ́ àmì, èènì borí òṣùwọ̀n dáadáa. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n rà, ohun tó kàn án jẹ́ 920 sídì, kò sì ní wọ ọwọ́ rẹ̀ tààrà, inú àpò ẹgbẹ́ ló ń lọ. Òṣùwọ̀n tó dúró déédéé, tí kò sí òyìnbó kankan tó máa lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ páálí, á ti mú owó tó jù ú lọ wá fún ìyá yẹn, ní owó tútù, lọ́jọ́ tó ta kọ́kọ́. Èmi ni mo ṣe ìṣirò yìí o, àpẹẹrẹ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ta kọ́kọ́ lè fi iye tirẹ̀ sí i kó wò ó.

Kí èènì wá ṣe? Ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ láwọn abúlé, ó kọ́ iyàrá ìkàwé, ó gbé dókítà àti nọ́ọ̀sì sínú ọkọ̀ pé kí wọ́n máa káàkiri abúlé. Ó ra àdá fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn kan máa ń fi àdá yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, pé ẹgbẹ́ tó ń ta kọ́kọ́ sí London wá ń pín àdá. Ẹni tó bá ti fi àdá tó ti jẹ́ tán ro oko kọ́kọ́ rí kò ní rẹ́rìn-ín. Kànga náà kì í ṣe ohun kékeré níbi tí ọmọdébìnrin ti ń fi òwúrọ̀ rẹ̀ pọnmi kó tó lọ sílé-ìwé. Àmọ́ iṣẹ́ ìjọba ni kànga. Owó tí olóko tà nínú kọ́kọ́ rẹ̀ la fi ń ṣe iṣẹ́ tí owó orí àti owó tí ìjọba yọ lórí kọ́kọ́ yẹn kan náà yẹ kó ṣe. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi àmì. Síbẹ̀, tí ẹ bá rí àwòrán kànga lára páálí ṣokoléètì, ẹ rántí ẹni tó san owó rẹ̀.

Ohun tó mú Kuapa yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ní ìwé ẹ̀rí ni ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, ó sì jẹ́ ohun tí òfin àmì kankan kò ní kí wọ́n ṣe. Nínú ìpàdé ọdọọdún wọn ní 1997, wọ́n dìbò pé àwọn fẹ́ ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì. Ẹ fojú inú wo àwọn àgbẹ̀ tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà, tí púpọ̀ nínú wọn kò tíì tọ́ ṣokoléètì wò rí, torí ooru ibẹ̀ kì í jẹ́ kó dúró, tí wọ́n ń na ọwọ́ sókè pé àwọn fẹ́ lọ bá àwọn aláṣokoléètì Gẹ̀ẹ́sì du ọjà lórí ilẹ̀ wọn.

Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ní 1998 ni wọ́n dá The Day Chocolate Company sílẹ̀ ní London. Kuapa ní ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún, Twin àti The Body Shop, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ohun ìpara, ní tiwọn, àwọn àjọ aláàánú Christian Aid àti Comic Relief wà lẹ́yìn wọn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ṣe onídùúró fún owó tí wọ́n yá ní báńkì. Divine ni wọ́n pe ṣokoléètì náà. Ní 2006, The Body Shop fi ìpín tirẹ̀ ta Kuapa lọ́rẹ, ìpín àgbẹ̀ sì ga dé 45. Ní 2007, wọ́n fi orúkọ ṣokoléètì náà sọ ilé-iṣẹ́, ó di Divine Chocolate, wọ́n sì wọ ọjà Amẹ́ríkà. Ọdún yẹn náà ni wọ́n rí èrè orí ìpín gbà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Kì í ṣe pé èrè náà pọ̀. Tí ẹ bá pín in fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ẹgbẹ́, kò lè sọ ẹnikẹ́ni di olówó. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ju owó lọ. Lákòókò yẹn, ẹni méjì láti Kuapa ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ olùdarí ilé-iṣẹ́ kan ní London, wọ́n ń rí ìwé owó, wọ́n mọ iye tí ilé ìtajà ńlá ń san, wọ́n mọ ohun tó ń lọ sórí ìpolówó. Nígbà yẹn, Divine tún ń ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó bá pa sọ́tọ̀ fún ìdàgbàsókè ẹgbẹ́ náà. Bàbá mi ta kọ́kọ́ fún ogójì ọdún, kò mọ ibi tí àpò kan ṣoṣo lọ lẹ́yìn tí ó ti kúrò lórí òṣùwọ̀n.

Ní 2009, Cadbury kéde pé ṣokoléètì Dairy Milk tí wọ́n ń tà ní Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland yóò máa gbé àmì Fairtrade. Ọ̀pọ̀ nínú kọ́kọ́ Cadbury ló ti Gánà wá, Kuapa ló sì wà níwájú nínú àwọn tó máa tà á fún wọn. Kọ́kọ́ Gánà tí wọ́n ń rà lábẹ́ àmì pọ̀ sí i ní ìlọ́po mélòó kan. Ìgbà yìí ni àmì náà ṣiṣẹ́ jù lọ fún wọn, ó yẹ ká sọ bẹ́ẹ̀. Owó èènì tó ń wọlé pọ̀, ọmọ ẹgbẹ́ pọ̀, wọ́n kọjá 60,000.

Bí ẹgbẹ́ bá ti fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ta ló máa mọ ohun tó ń lọ lóko oníkálùkù? Ní 2010, ètò Panorama ti BBC gbé e jáde pé àyẹ̀wò ti rí àwọn ọmọdé tó ń ṣe iṣẹ́ tó léwu ní díẹ̀ lára àwọn abúlé Kuapa, ìdádúró fúngbà díẹ̀ sì tẹ̀lé àyẹ̀wò náà. Àwọn tó kórìíra àmì fò fún ayọ̀. Èmi ò bá wọn fò. Ìwádìí tí Yunifásítì Chicago gbé jáde ní 2020 ní àwọn ọmọ bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀ ló wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lóko kọ́kọ́ Gánà àti Côte d'Ivoire, lóko tó ní àmì àti lóko tí kò ní. Ẹgbẹ́ tó ní ìwé ẹ̀rí ló ní ìwé tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo bí ìyà ṣe ń pín: tí wọ́n bá dá ìwé ẹ̀rí dúró, àgbẹ̀ tí gbogbo ọmọ rẹ̀ wà nílé-ìwé ń pàdánù èènì pẹ̀lú ẹni tó fi àdá sọ́wọ́ ọmọ. Ẹni tó sì fi àdá sọ́wọ́ ọmọ, ọ̀pọ̀ ìgbà, owó alágbàṣe ni kò ní. Nígbà tí ẹ bá ń san iye tí kò tó fún ẹni tó ń gbin kọ́kọ́, ibi kan lara iṣẹ́ náà ni yóò ti wá ẹni tí kò ní gba owó.

Alágbàṣe tí mo dárúkọ yẹn, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e díẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ "àgbẹ̀ tálákà" tó wà lára páálí ń ṣe bí ẹni pé ẹni tó ni oko ló wà nídìí igi kọ́kọ́. Ní Gánà, àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní abusa: onílẹ̀ lè wà ní Kumasi, ẹni tó ń tọ́jú oko ló wà níbẹ̀, yóò sì gba ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n bá tà. Lápá Oǹdó tiwa, àwọn Àgàtú tó ń wá ṣiṣẹ́ lọ́dọọdún la ní. Àwọn wọ̀nyí ló tálákà jù nínú oko, àwọn ni kì í sábà sí nípàdé ẹgbẹ́. Ìwádìí kan tí Yunifásítì SOAS ní London gbé jáde ní 2014, tí wọ́n ṣe ní Ethiopia àti Uganda lórí kọfí, tíì àti òdòdó, rí i pé owó iṣẹ́ alágbàṣe níbi tí Fairtrade wà kéré sí ti ibi tí kò sí, nígbà tí wọ́n fi ibi tó jọra wé ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá mọ oko kò ní yà á lẹ́nu. Lórí kọ́kọ́, olóko ni wọ́n kọ òfin àmì náà fún jù lọ.

Bí àlejò ṣe wá náà ló ṣe ń lọ. Oṣù Kọkànlá 2016, ilé-iṣẹ́ Mondelēz tó ti ni Cadbury nígbà náà kéde pé ètò tirẹ̀, Cocoa Life, ni yóò máa wà níwájú Dairy Milk, Fairtrade yóò kàn jẹ́ alábàáṣiṣẹ́. Ní 2020, Nestlé yọ ṣokoléètì KitKat ti Gẹ̀ẹ́sì kúrò lábẹ́ Fairtrade, wọ́n gbé e lọ sábẹ́ Rainforest Alliance, àmì mìíràn tí kò ní iye kankan tí owó kọ́kọ́ kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù. Kò sí ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìpàdé àgbẹ̀ kí wọ́n dìbò lé e lórí. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ lẹ àmì ló lẹ̀ ẹ́, òun náà ló ṣí i.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìpín. Ní 2020, ilé-iṣẹ́ Weinrich láti Jámánì, tó máa ń bá Divine ṣe ṣokoléètì, di ẹni tó ní ìpín tó pọ̀ jù nínú Divine. Ti Kuapa wá sí nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ o, wọn ò lé wọn. Ọjà ṣokoléètì ní Gẹ̀ẹ́sì le, wọ́n nílò owó, ẹni tó bá sì kówó sílẹ̀ ló ń gba àga iwájú. Àmì Fairtrade ṣì wà lára páálí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń rà á ní ṣọ́ọ̀bù kò lè fojú rí i pé ohunkóhun yí padà.

Ọdún 2024 wá dé, kọ́kọ́ sì ya wèrè. Ó kọjá 10,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù lóṣù Kẹta sí Ìkẹrin, ó kọjá 12,000 nígbà tó di oṣù Kejìlá. Iye 2,400 tí àmì ń dáàbò bò di ohun tí ẹnikẹ́ni kò nílò. Ní Gánà, wọ́n ti ta púpọ̀ nínú kọ́kọ́ náà sílẹ̀ kó tó wọ́n, àrùn ti pa igi, àwọn awakùsà ti wú ilẹ̀ oko, ìkórè wọn sì já dé ibi tí kò dé láti ohun tó ju ogún ọdún lọ. Lóṣù Kẹrin, ìjọba sọ iye àgbẹ̀ di 33,120 sídì fún tọ́ọ̀nù, nǹkan bíi 2,500 dọ́là, nígbà tí ayé ń san ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi òru rìn lọ sí Togo. Lápá ọ̀dọ̀ wa, níbi tí kò sí bọ́ọ̀dù, owó tọ́ọ̀nù kan kọjá mílíọ̀nù 10 náírà, àwọn ọmọkùnrin Ìdànrè ń ra ọ̀kadà tuntun. Ìyàtọ̀ tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nìyẹn. Ẹ̀wẹ̀, nígbà tí ọjà bá já, kò sí ẹni tó máa gbé àwa nílẹ̀, wọ́n ṣì máa ń kéde iye kan ní Gánà.

Nítorí náà, nígbà tí mo padà sórí WhatsApp, mi ò sọ fún àbúrò mi pé kó kọ̀ ọ́. Èènì kì í ṣe ohun tí à ń kọ̀, bẹ́ẹ̀ ni nínú ìlú tí a ti ń ta kọ́kọ́ tààrà, iye tí owó kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù lè ṣe àǹfààní tí kò ṣe ní Gánà, tí ọjà bá já. Mo ní kó lọ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Nínú àpò mẹ́wàá tí ẹ bá rà lọ́wọ́ wa, mélòó lẹ máa san èènì lé lórí, ṣé ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀? Orúkọ ta ló máa wà lórí ìwé ẹ̀rí, ti ẹgbẹ́ wa ni àbí ti ẹ̀yin tí ẹ ń rà á, kó lè jẹ́ pé tí a bá bínú a lè gbé e lọ bá ẹlòmíì? Èyí tó kẹ́yìn, ta ló ni òṣùwọ̀n, ta ló sì máa dúró tì í?

Ó pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dáhùn. Wọ́n ti ṣe ìpàdé. Wọ́n ní èènì á wà, ó wà lọ́wọ́ bí wọ́n bá ṣe béèrè lókè òkun. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tiwọn ló máa di ìwé ẹ̀rí mú, torí àwọn ló ń sanwó ayẹ̀wéwò. Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bàtà òjò àti fìlà tí wọ́n kọ nǹkan sí.

"Òṣùwọ̀n ńkọ́?" ni mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ kó tó fèsì. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n gbé e dání wá. Ó ń dán gbinrin. Wọn ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án."